Orin Tí À Ń Fi Owó Oṣù Gbọ́

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa máa ń wí. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi ọ̀kan kún un: ẹni tí ó ru ìkòkò epo kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà tí ó ń yọ̀, bí ọ̀nà náà tilẹ̀ yá ju gbogbo èyí tí ó kù lọ. Ẹrù tí ó wà lórí ẹni ni ó yẹ kí ó yan ọ̀nà fún ni. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí mi, nítorí ó ti tó ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń fi irú rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé mi. Síbẹ̀, nígbà tí ó kàn mí láti lò ó nínú ilé ara mi, mo gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Bí mo ti ṣe yan ilé-iṣẹ́ tí yóò máa fi orin ránṣẹ́ sí bàbá mi lórí fóònù ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ lè fi tèmi kọ́gbọ́n.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ìlú Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ wọn, títí ojú wọn fi di bàìbàì tí wọn kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Bí ẹsẹ̀ wọn bá ti ń tẹ máṣínì ni giramafóònù ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Hárúnà Ìṣọ̀lá ni wọ́n fẹ́ràn jù, ọ̀gá olórin àpàlà tí kò mú ohun èlò òyìnbó mọ́ orin rẹ̀, tí àgídìgbo, ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí àwọn àgbàlagbà bá ń bá ara wọn fọ̀rọ̀ wérọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Yusuf Ọlátúnjí onísákárà, Àyìnlá Ọmọwúrà ará Abẹ́òkúta, àti I. K. Dáíró, olórin jùjú tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá lọ́lá ní ọdún 1963. Bàbá mi a máa fi ìgbéraga sọ fún wa pé ní ọdún 1969 Ìṣọ̀lá àti Dáíró pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ àwo orin sílẹ̀, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní STAR, kí èrè iṣẹ́ wọn má baà máa bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn nìkan. Wọn a ní, "Oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò bá mọ iye tí iṣẹ́ rẹ̀ tó, ẹlòmíràn ni yóò bá a mọ̀ ọ́n."

Ó yẹ kí ẹ mọ bí àwọn àwo náà ti rí, nítorí ọ̀rọ̀ náà yóò wúlò fún wa níwájú. Àwọn àwo àtijọ́ tí ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan kò gbà ju orin bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan. Nígbà tí àwọn àwo ńlá dé, àwọn tí ń rọra yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta, olórin ráyè: ó lè kọrin fún bí ogún ìṣẹ́jú kí àwo tó tán lójú kan. Àwọn olórin wa lo àyè náà dáradára. Wọn a so orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, wọn a ki oníṣòwò yìí, wọn a yí sí ìjòyè tọ̀hún, wọn a tún gba ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà kan kọjá, ìlù kò sì ní dákẹ́. Orúkọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ kì ni a sábà máa ń kọ sí ara páálí àwo.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá kan rọ̀ ní Ìbàdàn. Odò kún, àgbàrá ya wọ ilé onílé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó sì bá a lọ. Àwa kó ẹ̀mí wa jáde, ṣùgbọ́n àpótí àwo bàbá mi bá omi rìn. Nígbà tí omi fà, àwo mọ́kànlá péré ni a rí nínú ẹrẹ̀, ojú gbogbo wọn sì ti họ. Bàbá mi wò wọ́n, wọ́n wo àwa ọmọ wọn, wọ́n ní, "Omi ni ó dànù, agbè kò fọ́." Láti ọjọ́ náà, wọn kò dárúkọ àwo mọ́.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn èyí, làkúrègbé mú wọn ní orúnkún, mo sì mú wọn wá sí ilé mi. Lọ́sàn-án, wọn a jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọn a máa kí àwọn tí ń kọjá. Òru ni ó le. Ìrora kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Bí ilé bá ti pa rọ́rọ́, èmi a máa gbọ́ tí wọ́n ń dá orin kan lẹ́nu, orin Hárúnà tí ó ki ìyálọ́jà kan. Wọn a dá a dé ibì kan, wọn a dúró, nítorí wọn kò rántí ohun tí ó kàn. Wọn a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn a sì tún dúró níbẹ̀. Lóru ọjọ́ kan ni mo sọ fún ara mi pé ohun tí omi gbé lọ, èmi yóò bá bàbá mi wá a padà.

Mo pe àwọn ọmọ mi mẹ́ta jọ láti gba ìmọ̀ràn wọn, ilé sì dàrú. Èyí tí ó dàgbà jù, tí ó wà ní yunifásítì, ní Spotify ni ó yẹ, nítorí ó máa ń kọ́ ohun tí olùgbọ́ fẹ́ràn, a sì máa wá irú rẹ̀ fún un. Àbúrò rẹ̀ ní Apple Music ni, nítorí ìpolówó ọjà kì í já orin gbà lẹ́nu olórin níbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara. Àbíkẹ́yìn, tí kò ní owó kankan lọ́wọ́, dá àwọn méjèèjì lóhùn pé Boomplay àti Audiomack ń bẹ, pé orin ilẹ̀ wa kún inú wọn, a sì lè gbọ́ wọn láìsan kọ́bọ̀. Wọ́n jà á bí ìgbà tí àwọn agbẹjọ́rò bá ń rojọ́ níwájú adájọ́, èmi adájọ́ kò sì mọ òfin.

Mo lọ kọ́ òfin náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kì í ta orin fún ni bí ẹni pé wọ́n ta àwo. Wọ́n kó ọ̀kẹ́ àìmọye orin jọ sínú kọ̀ǹpútà ńláńlá. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ yóò ti orí fóònù rẹ̀ béèrè, orin yóò sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣàn wá bá a bí omi ẹ̀rọ. Bí ó bá ti ti ẹnu ẹ̀rọ náà, kò sí ohun tí ó kù sínú korobá rẹ̀. Spotify ni ó dàgbà jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ìlú Stockholm ní ilẹ̀ Sweden ni a ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 2006, ó sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn olùgbọ́ ní 2008, ṣùgbọ́n ọdún 2021 ni ó tó dé Nàìjíríà. Audiomack bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 2012, ó sì ní ọ́fíìsì ní Èkó láti ọdún 2020. Ọdún 2015 ni Apple, àwọn tí ń ṣe fóònù iPhone, gbé Apple Music jáde. Ọdún kan náà ni Boomplay bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín. Ó bá fóònù TECNO wọ ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, nítorí inú fóònù náà ni wọ́n ti bá a nígbà tí wọ́n rà á.

Bí wọ́n ti ń gba owó kò rí bákan náà. Spotify gbà kí a gbọ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́, bí a bá lè fara da ìpolówó ọjà láàárín orin. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn yóò san owó oṣù. Nígbà tí ó dé Nàìjíríà, ₦900 ni owó oṣù ẹnì kan. Ó ti gun òkè láti ìgbà náà wá. Lọ́dọ̀ Apple Music, bí àsìkò ìtọ́wò bá ti parí, ẹni tí kò sanwó kò gbọ́ orin. Boomplay àti Audiomack ní ti ọ̀fẹ́, wọ́n sì ní ti olówó. Ètò kan tún wà fún ìdílé lọ́dọ̀ Spotify àti Apple Music, èyí tí ó gbà kí ènìyàn mẹ́fà máa jọ lo owó kan. Ó sàn fún bàbá ọlọ́mọ ju kí olúkúlùkù máa san tirẹ̀ lọ.

Owó oṣù nìkan kọ́ ni owó tí ó wà níbẹ̀. Dátà tún wà. Ẹ mú ìwé ìṣirò yín kí ẹ bá mi ṣe èyí. Lórí Spotify, a lè yan bí a ti fẹ́ kí ohùn orin dára tó: ìwọ̀n kan ń gba kílóbíìtì 96 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó ga jù ú lọ sì wà tí ń gba 320. Ẹ fi 8 pín in, kí ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá 3,600 tí ó wà nínú wákàtí kan sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ ó rí i pé orin wákàtí kan yóò jẹ bí mẹ́gábáìtì 43 ní ti àkọ́kọ́, yóò sì jẹ 144 ní ti èkejì. Ẹni tí ń fi òru gbọ́ orin fún wákàtí mẹ́ta yóò tètè mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni orin tí a gbà sílẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn kò lè tìtorí pé a fi dátà púpọ̀ gbọ́ ọ kí ó di ti àná. Nítorí náà ni mo fi yan ìwọ̀n kékeré.

Ọ̀nà tí ó tún ń dín dátà kù ni kí a kó orin pamọ́ sínú fóònù, kí a lè máa gbọ́ ọ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n orin tí a bá fi owó oṣù kó pamọ́ báyìí kì í ṣe tiwa. Spotify, fún àpẹẹrẹ, ní kí a máa kan íntánẹ́ẹ̀tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí owó oṣù bá sì ti dópin, ohun tí a kó pamọ́ kò ní dún mọ́. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ojú ara mi. Mo kà á bí akẹ́kọ̀ọ́ ti í ka ìtọ́ni tí ó wà lókè ìwé ìdánwò, tí ó fi ń wá ìbéèrè kìíní kiri.

Nígbà tí mo ti mọ òfin, mo ní kí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta wá ṣe ìdánwò. Èmi kì yóò dárúkọ èyí tí ó gbẹ́yìn tàbí èyí tí ó gba ipò kìíní, nítorí n kò wá láti ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Mo kọ orin mẹ́wàá sílẹ̀ láti inú èyí tí bàbá mi máa ń dá, mo sì ń wá wọn lọ́dọ̀ olúkúlùkù, máàkì kan fún orin kan. Kò sí èyí tí ó gbà ju mẹ́fà lọ. Inú bí mi. Orin ìyálọ́jà tí bàbá mi máa ń dá lóru kò sí lọ́dọ̀ ẹnì kankan nínú wọn.

Àbíkẹ́yìn mi ni ó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ó wo ohun tí mo tẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kọ Ìṣọ̀lá bí ẹ ti ń kọ ọ́ sí ojú pátákó. Ishola ni wọ́n kọ sí ara àwo." Èmi olùkọ́ Yorùbá ni ọmọ mi ń kọ́ ní bí a ti í ṣi orúkọ kọ! Síbẹ̀, bí ó ti wí ni ó rí. Nígbà tí mo kọ ọ́ bí wọ́n ti kọ ọ́ sí ara páálí àwo, ọ̀pọ̀ ohun tí mo ti ní kò sí ni ó yọjú. Orin ìyálọ́jà náà nìkan ni kò yọ. Ọmọ náà gbé fóònù lọ bá bàbá mi, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, ó sì ń ṣí àwọn orin gígùn ọ̀hún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Bàbá àgbà, ṣé èyí ni?" Wọn a ní kì í ṣe òun. Ní ìgbà kẹrin, ó ṣí orin kan tí ó jẹ́ orúkọ ọkùnrin oníṣòwò kan. Bí ó ti fẹ́ pa á, bàbá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní, "Fi sílẹ̀. Ó ń bọ̀."

Gbogbo wa jókòó. Hárúnà ki oníṣòwò náà, ó ki baba rẹ̀, ó ki àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ní ìṣẹ́jú kọkànlá, láìjẹ́ pé ìlù yí padà, orúkọ ìyálọ́jà náà bọ́ sí i lẹ́nu. Ojú kan náà ni ó wà lára àwo láti ọjọ́ yìí wá, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n fi pe gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ kò sì mọ̀ pé ẹlòmíràn wà nínú ilé. Bàbá mi ni ó mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín kí n tó kọjá: bí ilé orin ti wù kí ó kún tó, ohun tí a bá mọ̀ ọ́n béèrè ni yóò fi fún ni.

Mo fún ilé-iṣẹ́ tí ó gba máàkì jù ní owó oṣù, a kó àwọn orin náà pamọ́ sínú fóònù kan tí mo yà sọ́tọ̀ fún bàbá mi, a sì kọ́ wọn ní ibi tí wọn yóò tẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbọ́ orin láti inú yàrá wọn lóru. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan bí mo ti ṣe ń san owó rẹ̀. Mo ní lóṣooṣù ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Rédífúṣọ̀n ni, Àjàní! Rédífúṣọ̀n ni ẹ tún gbé dé." Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ọdún 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fa wáyà rédíò wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí kékeré ni, tí ó máa ń wà lára ògiri, asọ̀rọ̀mágbèsì. Ohun tí ilé-iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ ni onílé ń gbọ́, oṣooṣù ni ó sì ń sanwó.

Bàbá mi tún béèrè ohun kan tí èmi kò ronú kàn. Wọ́n ní, "Nínú owó tí ò ń san yìí, kí ni ó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Hárúnà?" Hárúnà ti kú láti ọdún 1983. Mo ṣàlàyé pé àwọn ilé-iṣẹ́ bí Spotify máa ń kó owó gbogbo olùgbọ́ jọ sójú kan, wọn a mú tiwọn nínú rẹ̀, wọn a sì pín ìyókù fún àwọn tí ó ni ẹ̀tọ́ lórí orin, gẹ́gẹ́ bí a bá ti gbọ́ orin olúkúlùkù tó. Láti ọdún 2024, Spotify kì í san owó yìí lórí orin tí a kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù méjìlá. Bàbá mi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Èyí ni pé bí èmi nìkan bá ń gbọ́ orin kan, kò sí owó fún olórin. Nígbà tí èmi nìkan ra àwo kan, owó wà fún un." N kò rí èsì fọ̀.

Oṣù kẹsàn-án ọdún náà dé pẹ̀lú ìnáwó tirẹ̀. Mo san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, ìwọ̀nba owó tí ó wà ní báńkì sì tán. Ní ọjọ́ kejì ni ilé-iṣẹ́ orin wá mú tirẹ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí mi lórí ímeèlì. N kò kà á. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wọlé, iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn, bí mo bá ti délé, mo ń sùn bí òkúta. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án kí ó tó sọ sí mi lọ́kàn pé n kò gbọ́ orin láti inú yàrá bàbá mi mọ́.

Mo wọlé tọ̀ wọ́n lóru. Wọn kò sùn. Wọ́n jókòó sí etí ibùsùn nínú òkùnkùn, ọwọ́ wọn wà lórí orúnkún. Mo ní, "Bàbá, ẹ kò gbọ́ orin lónìí?" Wọ́n ní, "Etí mi ń sinmi ni." Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì jáde. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni àbíkẹ́yìn mi rọra sọ fún mi pé Bàbá àgbà bi òun léèrè iye tí àwọn tí ń tún fóònù ṣe máa ń gbà, wọ́n sì ní kí òun má sọ fún mi. Wọ́n rò pé àwọn ni wọ́n bà á jẹ́. Gbogbo owó tí àwọn tí ó wá kí wọn ń fún wọn ni wọ́n ti ń dì sínú áńkáṣíìfù kan lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ti pé ₦3,500.

Mo ṣí fóònù náà wò. Kò bàjẹ́ rárá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìlà méjì ni ó wà lójú rẹ̀, tí ó ń sọ pé owó ti tán, kí a tún san òmíràn. Bàbá mi kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni wọ́n kọ́ kà ní ilé-ìwé alẹ́, ojú wọn kò sì rí lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń tẹ ibi tí a ní kí wọ́n tẹ̀, tí kò dá wọn lóhùn, tí wọ́n sì ń da ẹ̀bi rẹ̀ ru ara wọn.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Mo ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Wọn kò bínú. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Àjàní, nígbà Rédífúṣọ̀n, bí a bá jẹ gbèsè, ọmọkùnrin kan a gun kẹ̀kẹ́ wá sí ilé, a kan ilẹ̀kùn, a sọ fún wa kí ó tó já wáyà. Eléyìí kò kan ilẹ̀kùn."

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò lè dá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi. Wọ́n ti sọ àdéhùn wọn, mo sì ti kà á. Èmi ni mo gbé ìdánwò kalẹ̀ fún wọn, èmi náà ni mo fìdí rẹmi. Ìbéèrè mẹ́wàá ni mo ṣe, gbogbo wọn dá lé iye orin tí ó wà nínú ilé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó béèrè ẹni tí yóò máa gbọ́ ọ: pé àgbàlagbà ni, pé kò ka Gẹ̀ẹ́sì, pé òru ni ó ń gbọ́ ọ nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, pé bí orin bá dákẹ́, kò ní jí ẹnikẹ́ni. Ìkòkò epo ni mo rù, mo sì gba ọ̀nà tí ó ń yọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan tí ń ta orin àtijọ́ lórí síídì. Mo rí mẹ́fà nínú mẹ́wàá rà, orin ìyálọ́jà wà nínú wọn. Ọmọ mi àgbà bá mi kó wọn sórí mẹ́mórì káàdì, a sì kì í bọ inú rédíò kékeré kan tí bọ́tìnì rẹ̀ tóbi tó àtàǹpàkò. Ìyẹn kò bá báńkì sọ̀rọ̀, kò sì bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Mẹ́rin yòókù ṣì wà lórí fóònù, ọjọ́ tí owó oṣù mi bá wọlé ni mo sì ń san tirẹ̀ kí n tó san ohunkóhun. Ní ti àwọn ọmọ, mo gba ètò ìdílé fún wọn, olúkúlùkù ń gbọ́ ohun tí ó wù ú. N kò sọ pé orin olówó oṣù kò dára. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ tọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin wò, kò sí ohun tí ó dà bí rẹ̀ láyé yìí. Ogójì ọdún sẹ́yìn, ọlọ́rọ̀ pàápàá kò ní àwo tó bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀ràn yíyàn bá kàn yín, yálà ti orin tàbí ti ohun mìíràn tí à ń fi owó oṣù lò, ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Èkíní: ta ni yóò lò ó, kí ni agbára rẹ̀, kí sì ni kò lè ṣe fún ara rẹ̀? Èkejì: ní oṣù tí owó bá wọ́n, ṣé n ó lè san án? Ẹ̀kẹta: bí n kò bá san án mọ́, kí ni yóò kù sí mi lọ́wọ́? Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó béèrè èyí tí ó tóbi jù tàbí èyí tí ẹgbẹ́ yín ń lò. Èyí tí ẹ bá sì rí i pé ẹ kò lè ṣe aláìní, ẹ rà á, kí ó di tiyín.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ta jí lóru, mo máa ń gbọ́ rédíò kékeré náà, ohùn bàbá mi a sì máa tẹ̀ lé e lábẹ́lẹ̀. Wọn a dé ibi tí wọ́n ti máa ń dúró tẹ́lẹ̀, wọn a sì kọjá.